Obìnrin búlúù tí Mondrian yà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán kan, obìnrin mẹ́ta tó dúró ṣánṣán níhòòhò, gbogbo ara wọn búlúù, wọ́n ní Piet Mondrian ló yà á. Ṣé Mondrian tá a mọ̀ mọ́ ìlà dúdú àti onígun mẹ́rin pupa, yẹ́lò àti búlúù yẹn náà ni? Kí ló ń sọ gan-an?

Ìdáhùn: Òun náà ni, àbúrò mi. Evolution ni wọ́n ń pe àwòrán yẹn, nǹkan bí 1911 ló yà á, mùsíọ́mù Kunstmuseum ní ìlú Hague, ní Netherlands, ló wà. Obìnrin kan ṣoṣo ni o, òun náà ló yà lẹ́ẹ̀mẹta sórí kánfáàsì mẹ́ta, ti àárín sì ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀.

Má kà á láti òsì lọ sọ́tùn-ún bí ẹni ń kàwé. Ti òsì ni kó o kọ́kọ́ wò, òdòdó pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀, obìnrin náà dijú, kó o wá bọ́ sí ti ọ̀tún, níbi tí òdòdó ti di ìràwọ̀ yẹ́lò àmọ́ tó ṣì dijú, àárín lo máa wò kẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti lajú sílẹ̀ rekete tí ìmọ́lẹ̀ yí orí ẹ̀ ká. Ní 1909 ni Mondrian wọ ẹgbẹ́ Theosophy, àwọn tó gbà pé ẹ̀mí èèyàn máa ń kúrò nínú nǹkan ti ara díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé ibi ìmọ́lẹ̀, ohun tó ń yà nìyẹn.

Wo ara obìnrin náà dáadáa. Èjìká ẹ̀ gún régé, ó dúró bí òpó, kódà orí ọmú àti ìdodo ẹ̀, onígun ló yà wọ́n. Àwọn kan ní àwòrán náà ti le jù, mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ojú ti àárín yẹn máa ń dá mi dúró ní gbogbo ìgbà, àti pé ìlà àti igun tó máa gba gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ tó bá yá ti wà lára obìnrin yìí kí Mondrian tó kó lọ sí Paris. Ibẹ̀ ló ti tẹ̀ lé ọ̀nà àwọn ayàwòrán Picasso àti Braque, tí wọ́n ń fi igun àti ìlà ya nǹkan, nígbà tó fi máa di 1920 kò sí èèyàn nínú àwòrán ẹ̀ mọ́.

Tó o bá fẹ́ rí bó ṣe ń yí padà, wá igi pupa tó yà láàrin 1908 sí 1910 àti igi aláwọ̀ eérú ti 1911, mùsíọ́mù kan náà ni wọ́n wà, kó o wá gbé obìnrin náà sáàárín wọn.