Iná àti omi gbígbóná látinú ẹ̀rọ kan: ẹ kọ́kọ́ ka ooru yín

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Ẹnjiníà. Gáàsì inú páìpù la fi ń gbé omi kaná, òun náà la fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ní kí n yọ bọ́ílà wa, kí n fi ẹ̀rọ kékeré kan rọ́pò rẹ̀, tí yóò máa fi gáàsì kan náà pèsè iná mànàmáná àti ooru pọ̀. Ó ní owó iná wa yóò wálẹ̀, a kò sì ní máa ba ojú ọjọ́ jẹ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ta ni yóò polówó ọjà rẹ̀ pé ó ti kan? Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ, àmọ́ ó ku apá kan.

Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo gáàsì. Nínú agbára 100 tó bá wọ inú rẹ̀, nǹkan bí 25 ló ń di iná. Ìyókù ń bá ara ẹ́ńjìnnì àti ẹnu sàlẹ́ńsà lọ bí ooru. Ohun tí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ń ṣe ni pé ó ń fi omi gba ooru yẹn mú kó tó sá lọ, ó sì ń rọ ọ́ sínú táńkì. Bí a bá da iná àti ooru pọ̀, ó lè tó 85 sí 90 nínú 100. Kò sí àlùpàyídà kankan níbẹ̀.

Àmọ́ iná ló ń wu èèyàn, ooru ló ń pinnu. Tí táńkì bá ti gbóná tán, tí kò sẹ́ni tó ń wẹ̀, tí ilé náà kò sì tutù, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú ni, tàbí kó máa da ooru nù. Tó bá ti ń da ooru nù, jẹnẹrétọ̀ olówó gọbọi lásán ni. Ọdún kan ní wákàtí 8,760. Tí ilé yín kò bá lè gba ooru rẹ̀ fún bíi 4,000 nínú wọn, ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ lé e. Ìdí nìyí tó fi bá ilé tí òtútù rẹ̀ ń pẹ́ mu, àti hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn tàbí ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Mo ti rí ilé kan tí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù sí: ó ń tàn, ó ń kú, látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Ooru tó kéré jù tí ilé ń lò déédéé ni kí ẹ fi wọn ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí bọ́ílà gbọ́ ti ọjọ́ tí òtútù bá le.

Ti ojú ọjọ́ wá ńkọ́? Gáàsì yìí ṣì jẹ́ epo abẹ́ ilẹ̀. Kílówáàtì-wákàtí kan rẹ̀ tí a bá sun ń tú nǹkan bíi 0.2 kìlógíráàmù carbon dioxide jáde. Èyí tó bá jò lójú páìpù láìjóná tún burú jù: láàárín 20 ọdún, methane, ìyẹn ohun tó pọ̀ jù nínú gáàsì yìí, ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó ju 80 lọ, tí a bá fi wé carbon dioxide tí ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Ìṣirò tí olùtajà yín fò rèé. Ká ní ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá tó jẹ́ ti ìgbàlódé ló sun gáàsì 100 yẹn. Nǹkan bí 50 ni yóò délé yín bí iná. Ẹ lo 25, ẹ fi 25 tó kù wa heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé bíi fìríìjì tí a kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú yàrá. Ó ń sọ ìwọ̀n iná kan di ooru mẹ́ta, nítorí náà ẹ ó rí ooru 75. Ẹ̀rọ ẹlẹ́ńjìnnì yín ń fún yín ní iná 25 kan náà pẹ̀lú ooru 60. Ta ló borí?

Èyí tó lè yí i padà ni irú tó ń lo fuel cell, tí kì í jó gáàsì rárá. Ìpàdé kẹ́míkà ló fi ń mú iná wá. Japan ti ń ta irú rẹ̀ fáwọn onílé láti ọdún 2009 lábẹ́ orúkọ Ene-Farm, ó sì ti wọ ilé tó ju 300,000 lọ. Tó bá mú iná 40 àti ooru 50 jáde, ọ̀nà heat pump, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lo iná 40, kò ní ju ooru 30 lọ. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn àti oòrùn bá ti ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń bọ̀ lórí wáyà, gáàsì kò rí ibi dúró sí mọ́. Èrò tèmi: níbi tí èédú ṣì ti ń pèsè iná, ó lè ran yín lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, níbòmíràn, ẹ dúró ná.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ojú fèrèsé àti òrùlé yín jáde, ẹ dí i kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹnì kan kì í fi agbọ̀n pọnmi. Ẹ kó ìwé owó gáàsì oṣù 12 tó kọjá wá, kí ẹ ní kí ọkùnrin náà fi ṣírò iye wákàtí tí ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́. Ẹ bi í bóyá yóò tàn nígbà tí iná ìta bá lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú fúnra wọn kí wọ́n má baà pa ẹni tó ń tún wáyà ṣe. Ẹ bi í ta ni yóò máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ gáàsì ló sì gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ké tí carbon monoxide bá wọlé, nítorí èéfín apani yẹn kò ní òórùn.