Kì í ṣe àpótí yẹn ló ń yọ yín lẹ́nu

Ẹ̀yin arákùnrin tẹ́ ẹ ra ogún thin client tòkunbọ̀, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ti ara kọ̀ǹpútà àgbà kan jí, ní Banex l'Ábújá fún ilé ìwé kan ní Gwagwalada, mo ka ẹjọ́ yín. Ẹ ní àwọn kan ń tàn, àwọn kan ò tàn, èyí tó bá sì tàn ń rìn bí ìgbín. Ẹ ní ẹ ti fi DHCP, ohun tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún àwọn àpótí, sórí server (kọ̀ǹpútà àgbà yẹn), router íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí switch kan náà, ìyẹn ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà ti pàdé. Ẹ wá ń bi wá bóyá kẹ́ ẹ ra RAM kún un tàbí kẹ́ ẹ dá ẹrù padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ má tíì ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Mo ti jẹ irú ìyà yẹn ní Kubwa níbí fún odidi ọdún méjì, lórí mẹ́rìnlélógún. Gbogbo owó tí mo kọ́kọ́ ná sórí àpótí kéékèèké yẹn, igbó ló wọ̀.

Iná ló kọ́kọ́ là mí lójú. Bí NẸ́PÀ bá mú un lọ tó sì dá a padà, gbogbo rẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà. Server mi máa ń lo bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jí tán, àpótí ò lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Wọ́n á pe server, server ò tíì jí, wọ́n á bá kọ ọ́ sójú: “PXE-E51: No DHCP or proxyDHCP offers were received” (PXE ni ètò tí àpótí fi ń jí láti orí wáyà). Tíṣà á pè mí, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti bàjẹ́ o.” Èmi á wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP, kí n tó débẹ̀ server á ti jí, màá kàn pa àwọn àpótí, màá tún wọn tàn, gbogbo rẹ̀ á ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń rò pé mo ń lo nǹkan. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, torí n ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìgbà tí mo gbé server àti switch sórí inverter ni wàhálà yẹn tó dáwọ́ dúró. Àpótí fúnra wọn ò nílò inverter. Mo sì kọ́ ọmọ kíláàsì kan pé mẹ́fà mẹ́fà ni kó máa tàn wọ́n, kò gbọdọ̀ tan gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Àwọn tó ń tàn àtàwọn tí kò tàn ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà tó jáde sójú wọn dáadáa. E51 ń sọ pé ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Tó bá jẹ́ E53 ló kọ, “No boot filename received”, ẹnì kan dáhùn, àmọ́ ẹni tí kò yẹ kó dáhùn ni. Router yín ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún wọn, kò sì mọ ibi tí fáìlì tí wọn yóò fi jí wà. PXE àtijọ́ míì á gbá ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn mú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé èyí tó tàn lánàá lè má tàn lónìí. Nílé ìwé tèmi, ẹni tó ń tọ́jú owó ló ra router tuntun, ó ti wáyà rẹ̀ bọ inú switch mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo jẹ́ kí router máa pín àdírẹ́ẹ̀sì lọ, mo sì fi dnsmasq, ètò kékeré kan lórí server, ṣe proxyDHCP (igbákejì DHCP), tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kó júwe fáìlì lọ. Bí ẹ bá ń lo LTSP, ètò Linux tó ń jí irú àpótí wọ̀nyí láti ara server, àṣẹ “ltsp dnsmasq” á ṣe é bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó wá ku ìrìn ìgbín, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. LTSP ti wà láti 1999, àmọ́ wọ́n tún un kọ láti ìpìlẹ̀ ní 2019, ọ̀pọ̀ àlàyé tẹ́ ẹ máa rí kà lórí ẹ̀rọ jẹ́ ti àtijọ́. Láyé àtijọ́, server ló sábà ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àwòrán lásán ni àpótí ń gbé jáde. Èyí tó wà báyìí, àpótí máa ń gba Linux láti orí wáyà, ṣùgbọ́n RAM àti processor tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Tèmi ní RAM 1GB, processor rẹ̀ sì jẹ́ 32-bit, irú àtijọ́ tí kò lè lo ètò 64-bit. Láti ara server 64-bit ni mo ti ṣe image (ẹ̀dà Linux tí àpótí máa gbà), wọn ò tiẹ̀ jí rárá. Ọ̀sẹ̀ kan ló bá ìyẹn lọ. Nígbẹ̀yìn, Debian 12 (irú Linux kan) ti 32-bit ni mo gbé sórí àpótí, mo wá ń fi X2Go, ètò tó ń gbé ojú server wá sójú àpótí, wọ XFCE (ojú iṣẹ́ Linux tó fúyẹ́) tó wà lórí server. Ẹ tètè mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti ń dí: Debian 13 tó jáde ní 2025 kò ní installer 32-bit mọ́.

Ó dùn, àfi ìgbà tí tíṣà Biology fẹ́ fi fídíò YouTube han kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán 1280 lọ́nà 720, báìtì mẹ́ta fún tóótó (pixel) kọ̀ọ̀kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ó ń lọ bí 69MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ọmọ kan ṣoṣo. Wáyà 100Mbps kò lè gbé ju 12.5MB lọ. Òótọ́ ni pé X2Go máa ń fún un pọ̀ kó tó rán an, àmọ́ ta ló ń fún un? Server náà ni, ọmọ mẹ́rìnlélógún sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Fídíò, ẹ ra projector kan, kí gbogbo kíláàsì jọ wò ó.

Ẹ tún yẹ switch yín wò. Wọ́n kọ “gigabit” gàdàgbà sára tèmi, ojú ihò méjì péré ló sì jẹ́ gigabit, ìyókù jẹ́ 100. Server mi wà ní ihò keje! Mo yọ wáyà kan níbẹ̀, mo tì í bọ ihò gigabit, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà. N kò ná kọ́bọ̀.

Bátìrì CR2032 inú tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kú. Aago á máa padà sẹ́yìn, browser á ní ojúlé wẹ́ẹ̀bù ò ṣe é fọkàn tán, BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú àpótí) á sì gbàgbé pé orí wáyà ló yẹ kó ti jí. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti eruku ọyẹ́, àpótí tèmi ò ní fáànù, kò ràn wọ́n. Server ló ń gbé e mì. Oṣù kẹta, nígbà tí ooru dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Mo tú u, eruku ti dì lórí processor bí òwú ìrọ̀rí.

Tẹ́ ẹ bá ń lo LTSP, tẹ́ ẹ fi orúkọ ọmọ tuntun kún un, tí ọmọ náà ò sì lè wọlé, ẹ tún àṣẹ “ltsp initrd” pa lórí server. Ọjọ́ méjì ni mo fi fura sí páásíwọọ̀dù ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni kíbọọ̀dù Nàìjíríà tó ti wà nínú Linux, ti Yorùbá, ti Ìgbò, ti Hausa. Ọmọ kan tó wá láti Zaria rí ɗ lójú kọ̀ǹpútà, ló bá ń pe gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà router yẹn kúrò lára switch ná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí server jí tán, kẹ́ ẹ wá tan ogún náà, márùn-ún márùn-ún. Èyí tí kò bá tàn, ẹ kọ nọ́ńbà tó jáde sójú rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú iye RAM rẹ̀ àti irú processor tó wà nínú rẹ̀.