Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Mẹkáníìkì: Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Rántí Nǹkan Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Inú FlightGear, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfurufú gidi, ni mo ti ń wa ọkọ̀ òfurufú lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì ń kọ ẹ́ńjìnnì onípísítínì tèmi fún ọkọ̀ kékeré kan. Tí mo bá ti throttle, ọ̀pá tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì, síwájú, agbára á gòkè. Tí mo bá fà á sẹ́yìn, á wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe wò ó, ó ní, “Èyí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, rédíò tí wọ́n ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò ni.” Kí ló kù? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkéré-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ṣẹ́. Ìjìgbò ní Adó ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n dijú gbọ́ ẹ̀rọ kí n tó tú u. Ìrántí ni tìrẹ kò ní. Ẹ́ńjìnnì gidi ń rántí ohun tí o fi ojú rẹ̀ rí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn: ooru tó ti mu, èédú tó ti lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, yìnyín tó ń kóra jọ nínú kábúrétọ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ wà báyìí nìkan ni tìrẹ mọ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí yìnyín. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò nínú oṣù keje, rọra fọwọ́ kan kábúrétọ̀ ọ̀kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkéré wọ Adó. Ẹ́ńjìnnì ń jóni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ara kábúrétọ̀ tutù, ó sì lè máa làágùn bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Epo tó ń di oru ló ń gba ooru yẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá sì ń tutù sí i. Nínú ọkọ̀ òfurufú, òtútù yìí lè mú kí ìwọ̀n ooru fi ju 30°C lọ wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìta fi lè jẹ́ 24°C lórí Èkìtì kí yìnyín sì dì nínú kábúrétọ̀, pàápàá tí awakọ̀ bá fa throttle sẹ́yìn láti balẹ̀.

Nítorí náà, fi nọ́ńbà kan pa mọ́ fún yìnyín. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rinrin, òtútù àti throttle máa fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù, kí òun náà máa fún ọ̀nà afẹ́fẹ́ pa. Tí awakọ̀ bá fa ooru kábúrétọ̀, ọ̀pá tó ń mú afẹ́fẹ́ gbígbóná wọlé láti yọ́ yìnyín, kí ìyípo ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ wálẹ̀ sí i, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ki. Kí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ bó ṣe ń gbé omi yìnyín tó yọ́ mì. Lẹ́yìn náà kí ìyípo gòkè. Tí tìrẹ bá gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tún un kọ.

Magneto ńkọ́, ẹ̀rọ méjì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tí à ń pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti yẹ̀ wò? Ìwé Cessna 172N, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ìyípo 1,700 ní ìṣẹ́jú kan: kí èyíkéyìí má fi ju 125 wálẹ̀, kí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì má sì ju 50 lọ. Ọ̀pọ̀ ń kọ ìyẹn, wọ́n á gbàgbé pé tí magneto kan bá kú, púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo tó kù nínú sílíńdà ń jó epo pẹ́, tí iná fi ń bá èéfín jáde. Ooru èéfín gbọ́dọ̀ gòkè bí agbára ṣe ń wálẹ̀. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an. Òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣe lórí ẹ́ńjìnnì inú kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Rántí pé ooru èéfín ń yára yí, ṣùgbọ́n orí sílíńdà jẹ́ irin tó wúwo, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná. JSBSim, ètò tó ń ṣírò bí ọkọ̀ ṣe ń fò nínú FlightGear, ní àyè fún un: cylinder-head-mass àti cooling-factor.

Ti Adó tiwa: ìlú wa fi nǹkan bí mítà 450 ga ju òkun lọ. Lọ́sàn-án 30°C, afẹ́fẹ́ wa ki tó nǹkan bí ìdá 0.90 ti etí òkun ní 15°C. Láti rí ìdá agbára tó kù, sọ 0.90 yẹn di ìlọ́po 1.132, yọ 0.132 kúrò. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 160 á ku nǹkan bí 142. Fi ìyẹn gbéra ní pápákọ̀ òfurufú tuntun lọ́nà Ìjàn, wàá rí i bí ilẹ̀ ṣe máa gùn tó kí táyà tó kúrò lórí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ ẹ́ńjìnnì tèmi kí ó máa kú fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? — Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò tíì tú ẹ̀rọ tó kú láìnídìí. Yọ ìyẹn kúrò. Bu omi díẹ̀ sínú táǹkì rẹ dípò rẹ̀, kí ẹni tí kò fa epo díẹ̀ jáde wò bóyá omi wà nínú rẹ̀ kó tó gbéra pàdé omi náà lókè.