Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó gún ajá yín lábẹ́rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, mo kí yín o. Birmingham la ń gbé, ṣùgbọ́n ajá àwọn ọmọ mi wà nílé màmá mi ní Ìkòròdú, lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a lọ sílé lọ́dún tó kọjá ni àwọn ìbejì sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ọjọ́ tí wọn kì í béèrè rẹ̀. A tún ń lọ ní Disẹ́ḿbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la máa lò. Ilé ìwòsàn ẹranko mẹ́ta ni wọ́n júwe fún mi: ọ̀kan sún mọ́ ilé, ọ̀kan ò wọ́n, ọ̀kan wà lápá Sábó, òun ló gbówó lórí jù. Ọkùnrin kan tún wà tó máa ń gbé oògùn wá sílé fúnra rẹ̀, òun ni màmá mi fẹ́. Èwo ni kí n mú? Ìyá Ìbejì.

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Ọkùnrin tó ń wá sílé yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí irú rẹ̀ ló gún ajá tiwa lábẹ́rẹ́, mi ò sì tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ìgbógbó nilé màmá mi. Tanímọ̀la lorúkọ ajá wa, orúkọ ajá bàbá mi olóògbé la tún gbé fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọkùnrin mi nígbà náà. Ní London níbí, bí mo bá bá a sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Bí màmá mi bá pè é lórí fóònù, á ní “Yes, Grandma”, ó parí. Ṣùgbọ́n bí màmá bá ti yí fóònù sí ajá báyìí, ọmọ mi á jókòó ṣinṣin: “Tanímọ̀la, ṣé o ti jẹun? Kí lo jẹ? Má gbó mọ́ Màmá o.” Àbúrò mi ló sọ fún un pé ajá náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbà á gbọ́. Ajá á na etí, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wá ibi tí ohùn ti ń bọ̀, lẹ́yìn náà á lá ojú fóònù títí màmá mi á fi pariwo. Ọ̀rọ̀ tí mi ò kọ́ ọmọ yìí rí ló ń sọ: “Rọra.” “Ó tó gẹ́ẹ́.” Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo máa ń dúró sí gbọ́ ọ, kó má bàa rí mi kó dákẹ́.

Nígbà tí ajá pé oṣù mẹ́ta, mo fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Màmá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọkùnrin kan wà ládùúgbò tí gbogbo èèyàn ń pè ní dókítà, ọ̀kadà ló máa gbé e wá. Wọ́n pè mí lórí fídíò kí ọmọ lè máa wò ó. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Ọkùnrin náà tú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú náílọ́nù dúdú kan jáde, inú náílọ́nù yẹn ni ìgò abẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú pure water kan. Yìnyín pure water yẹn ti yọ́ tán. Bó ṣe gbé e lé orí bẹ́ńṣì ló rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, omi ara rẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìyá Ìbejì. Mo mọ̀ pé inú fíríìjì ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é títí dé ara ajá. Mo mọ̀ pé bí ooru bá ti lù ú, ó lè má ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì sí ohun tí ojú máa rí lára rẹ̀ tí yóò fi hàn. Mo rí pure water yẹn, mo sì panu mọ́. Mi ò fẹ́ kí màmá mi ní ojú òkè òkun ni mo fi ń wo nǹkan ilé, níwájú ẹni tí wọ́n ń pè ní dókítà. Ó kọ káàdì, ó buwọ́ lù ú, kò sí òǹtẹ̀, kò sí sítíkà kankan. Mo ní “Ẹ ṣé, sà.”

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú oṣù kẹjọ, a lọ sílé. Mo fi ọmọ sílẹ̀ ní Ìgbógbó lọ síbi ìnáwó ẹbí ọkọ mi ní Oǹdó. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kẹta, mo rí aṣọ tí wọ́n dì mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ajá ń jẹ eegun, ọmọ lọ fa abọ́ rẹ̀, ajá bù ú jẹ. Màmá mi bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n fi epo pa á, wọ́n dì í. Wọn ò pè mí, kí ọkàn mi má bàa dàrú lọ́nà. Mo béèrè ajá. Wọ́n ní wọ́n ti fà á fún ọlọ́dẹ kan tó ń lọ sápá Ìmọ̀tà, nítorí ajá tó bá ti bu ọmọ onílé jẹ kò ṣeé tọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó dùn mí jù nìyí. Ajá tó bá bu èèyàn jẹ, ńṣe ni wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí nǹkan kan ò ṣe é, a jẹ́ pé àrùn dìgbòlugi ò sí nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá péré là bá fi mọ̀. Èmi àti àbúrò mi wá ọlọ́dẹ yẹn dé Ìmọ̀tà, a wá a dé Agbówà, a ò rí òun, a ò rí ajá.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé ọmọ lọ kò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti èèyàn nílẹ̀. Alẹ́ ti lẹ́ kí a tó rí ibi tí wọ́n ti gún un. Wọ́n tún un gún lọ́jọ́ kẹta àti ìkeje, London ni wọ́n ti gún ti ọjọ́ kẹrìnlá. Abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n máa ń gún yí ojú egbò ká, tó yẹ kó gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ò rí i rà. Ọdún márùn-ún ti kọjá. Dókítà wa níbí ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pẹ̀lú pé dìgbòlugi, bó bá ti fojú hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yìí bá ní orí ń fọ́ òun, mo ti dìde. Bó bá ní omi ò wu òun mu, àyà mi á já.

Mo ti pẹ́ kí n tó dé orí ìbéèrè yín, ẹ má bínú. Kí ẹ tó mú èyíkéyìí, ẹ ní kí àbúrò yín tàbí ẹnikẹ́ni tó gbójú lọ síbẹ̀, kó pè yín lórí fídíò, kó ní kí wọ́n ṣí fíríìjì oògùn. Kí ẹ rí tẹmọ́mítà nínú rẹ̀. Kó bi wọ́n pé bí iná bá lọ láti alẹ́ mọ́jú, kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹ̀yin náà mọ iná Ìkòròdú. Ẹni tó ní invẹ́tà tàbí jẹnẹrétọ̀ á fi hàn yín tayọ̀tayọ̀. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ máa lọ.

Ìkejì, ẹ béèrè dókítà ẹranko gan-an, ẹni tó ní ìwé Veterinary Council of Nigeria, kí ìwé àṣẹ náà sì jẹ́ ti ọdún yìí. Àwọn tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ wúlò, mi ò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí dókítà fúnra rẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n ṣí ìgò tuntun lójú yín. Sítíkà wà lára ìgò abẹ́rẹ́ tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́: kí wọ́n yọ ọ́ lẹ̀ mọ́ káàdì, kí orúkọ àti òǹtẹ̀ dókítà sì wà níbẹ̀.

Bí fíríìjì Sábó bá dára, ibẹ̀ ni kí ajá ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì ti ju oṣù kan lọ kí ẹ tó dé. Ẹ má fi ti ìtòsí ṣeré náà, nítorí ọmọ ajá tó bá ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ lóru kò ní lè dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí eégbọn bá ti mú un tí ìtọ̀ rẹ̀ wá dúdú bíi kóòkì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ á bá yín sọ ti oúnjẹ àti oògùn aràn.

Ọkùnrin tó ń wá sílé ńkọ́? Bí kò bá ní kúlà tó tutù dáadáa àti ìwé àṣẹ, ẹ má gbà. Bí ojú màmá ń tì yín, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ má gbà, kí wọ́n bínú sí èmi. Ẹ sì bá màmá sọ ọ́ nísinsìnyí tí inú wọn ń dùn: bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fa ajá náà fún ẹnikẹ́ni.

A ò tíì padà lọ sílé láti ìgbà náà. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé mo gba ilé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ. Àwọn kọ́ ló ń jí lóru lọ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi ṣì ń pè, “Yes, Grandma” ló sì kù. Ọmọ ọdún méjìlá ni báyìí. Mo ra ìwé Yorùbá fún un, mo gba olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un, ó ń ṣe é bí iṣẹ́ iléèwé. Kò sí ẹni tó ń bi léèrè mọ́ bóyá ó ti jẹun. Mo ti rò ó pé kí a gba ajá mìíràn sí Ìgbógbó, owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì lè fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹ lọ ní tiyín. Kí àwọn ìbejì rí ajá wọn. Bí wọ́n bá ti gún un, ẹ ya àwòrán káàdì náà ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí sítíkà yẹn.