Ṣé oògùn ibà eégbọn máa ba eyín ọmọ mi jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. North Carolina là ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí eégbọn lẹ́yìn etí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 6. Ajá wa náà ní in lára. Mo da kẹrosíìnì sí i kí n tó fà á yọ. Láti àná ni ara ọmọ náà ti ń gbóná, tí orí sì ń fọ́ ọ. Dókítà tó wò ó lónìí gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í lo doxycycline. Ìyá ọkọ mi n'Íbàdàn gbọ́, wọ́n ní ká má dán an wò, pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń ba eyín ọmọdé jẹ́. Kí ni ká ṣe? Ṣé ajá ló kó o ràn án ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ fún un ní oògùn náà lálẹ́ òní, kí ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò. Àlàyé tó kù, ẹ lè máa kà á lẹ́yìn tó bá ti gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa kì í ṣe irọ́. Oògùn mìíràn ló bá wí. Tetracycline àtijọ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù inú eyín tó ń hù lọ́wọ́, tí eyín ọmọdé á wá dà bíi ti ẹni tó ti ń jẹ obì láti ogún ọdún. Ìdílé kan náà ni doxycycline ti wá, àmọ́ kì í lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni a sì ń lò ó. Ní 2015, àwọn oníwádìí gbé àbájáde jáde nípa ọmọ 58 tí wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó pé ọdún 8, níbi tí ibà eégbọn ti ń jà láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn ò rí eyín kankan tó yí àwọ̀ nítorí rẹ̀. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ní òun ni kí a kọ́kọ́ lò, fún àgbà àti fún ọmọdé.

Àìsàn tí dókítà yín ń fura sí ni Rocky Mountain spotted fever, irú ibà eégbọn kan. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín pé orí òkè lọ́hùn-ún ló wà. Lóòótọ́, àfonífojì kan ní Montana ni Howard Ricketts ti ṣèwádìí rẹ̀ ní 1906, ṣùgbọ́n lónìí, North Carolina, Tennessee, Missouri, Arkansas àti Oklahoma ló ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ń ní in ní Amẹ́ríkà. Ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á ń jẹ nínú, tí iṣan á fi máa jò, tí àìsàn á sì wọ ọpọlọ, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín. Ìdajì àwọn tó ń kú nídìí rẹ̀ ni kì í kọjá ọjọ́ kẹjọ àìsàn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wá kì í sábà hàn títí di bí ọjọ́ 7 sí 10. Tí èsì àkọ́kọ́ bá ní kò sí nǹkan, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Ẹ má sì dúró de kí ara sú. Ó sábà máa ń gba ọjọ́ 2 sí 4 lẹ́yìn tí ibà bẹ̀rẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, ẹlòmíràn kì í sì í ní in rárá. Àwọ̀ ara tiwa yìí kì í jẹ́ kí pupa rẹ̀ tètè hàn. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń pẹ́.

Ohun kan tún kan àwa Yorùbá gan-an: G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Àìtó rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin wa, ó sì máa ń mú kí ibà yìí le koko. Tí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ yín ní àìtó yìí, tàbí pé ó wà nínú ìdílé tiyín, ẹ̀yin ìyá rẹ̀ (ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀), ẹ pe dókítà kẹ́ ẹ sọ fún un. Doxycycline kò ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀. Septrin ni kí ẹ sá fún, torí ó tún lè dá kún àìsàn náà. Amoxicillin tí ẹ kó wá láti ilé kò ràn án, oògùn ibà ẹ̀fọn náà kò ràn án. Àmọ́ tí ọmọ náà bá wà ní Nàìjíríà láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn lónìí pẹ̀lú.

Ó máa lo oògùn náà fún ọjọ́ 5 sí 7 ó kéré tán, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 3 tí ara rẹ̀ ti tutù kó tó dá a dúró. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, torí irin inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Tó bá ń bì í jáde, tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, tàbí tó sùn tí kò fẹ́ jí, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni o.

Ti kẹrosíìnì: àwọn àgbà ní eégbọn tó so mọ́ ayínrín nímú, adìẹ kọ́ ni yóò já a. Tiyín yìí, ẹ̀yin lẹ máa já a, àmọ́ ẹ̀mú kékeré tí wọ́n fi ń fa irun ojú ni kí ẹ fi dì í mú níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kí ẹ fà á sókè tààrà láìlọ́ ọ. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i mọ́, ẹ má fi iná kàn án, ẹ má fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ fọ́. Oje rẹ̀ lè wọ ojú ọgbẹ́.

Ajá kì í kó o ràn ènìyàn tààrà. Eégbọn tó gbé wọlé ló ń ṣe é, ajá náà sì lè ṣàìsàn: kò ní jẹun, ara rẹ̀ á gbóná, ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, ẹ ó sì rí àmì ẹ̀jẹ̀ wínníwínní ní èrìgì rẹ̀. Dókítà ẹranko máa fún un ní doxycycline bákan náà, á sì kọ oògùn eégbọn tí yóò máa lò. Tí ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ béèrè kí ẹ tó ra oògùn náà, torí permethrin tó wà nínú òmíràn tí wọ́n ń kán sí ajá lára ń pa ológbò.