Báwo ni tọ́ọ̀ṣì ṣe lè tàn kárí yàrá bíi àtùpà?

Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn sójú kan ṣoṣo nígbà tí iná bá lọ ní Kàbà. Abọ́ dídán tó yí gílóòbù ká ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ẹ wá nǹkan funfun tí yóò fọ́n ọn ká. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì nàró, kó kọjú sókè, kí ẹ da ike funfun fẹ́lẹ́ dé e. Nílé wa ní Ìsánlú, ọ̀rá funfun tí wọ́n fi di iyọ̀ fún wa lọ́jà la máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí, a ó fi rọ́bà so ó mọ́ ọrùn tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ á máa kàwé, òjìji ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣú bo ìwé. Ìmọ́lẹ̀ náà kò pọ̀ sí i o, ó kàn tàn ká ni. Ẹ jọ̀wọ́, bí orí tọ́ọ̀ṣì bá ń gbóná, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá kàn án, ó lè yọ́.