Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Bí a ṣe ń kọ ìtàn bàbá tó jagun tó sì tọ́mọ

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó ṣe sọ́jà nígbà ogun abẹ́lé ti papò dà, ìsìnkú sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní èmi ni kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò. Mo mọ̀ pé abẹ́ Adékúnlé ni wọ́n wà, wọ́n sì máa ń dárúkọ Bonny àti Port Harcourt, ṣùgbọ́n n kò mọ ọdún. Ìwé ológun ní 1944 ni wọ́n bí wọn, àwọn ará ilé ní irọ́ ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ kẹrin, Ìkirè)

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Àpótí wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, àti fọ́tò tí wọ́n ti wọ aṣọ sọ́jà. Nọ́ńbà ológun wọn wúlò ju orúkọ lọ, nítorí bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ da nọ́ńbà náà kọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀. Òun náà ni kí ẹ mú lọ bá Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́, ní ìpínlẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wá yẹ́ bàbá sí.

Ní ti ọdún, ogun náà fúnra rẹ̀ á ràn yín lọ́wọ́. Oṣù Keje 1967 ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Bonny, oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Calabar, oṣù Karùn-ún 1968 ni Port Harcourt. Benjamin Adékúnlé, Àkeekèé Dúdú, ló ń darí ẹ̀ka ọmọ ogun Third Marine Commando nígbà náà. Oṣù Karùn-ún 1969 ni Ọbásanjọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ogun sì parí ní 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní abẹ́ Ọbásanjọ́ ni bàbá ti wọ Port Harcourt, ìtàn méjì ló ti lọ́ mọ́ra wọn. Ẹ tún un bi í.

Ọjọ́ orí sọ́jà nínú ìwé kì í sábà bá tilé mu, torí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó a máa fi kún un kí wọ́n lè gbà á. Ẹ bi àwọn àgbà pé: ṣé wọ́n ti bí wọn kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́sàn-án ní 20 oṣù Karùn-ún 1947, nígbà tí òṣùpá bo òòrùn? Ṣé wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, tí ọmọ ní láti fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì? Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú yẹn ni wọ́n bí wọn, tí wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, 1948 tàbí 1949 ló sún mọ́ òtítọ́ ju 1944 lọ. Ẹ kọ “ní nǹkan bí 1948” sínú ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ọdún tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì. Bí ọjọ́ inú ìwé méjì kò bá bára mu, ẹ̀tọ́ wọn lè há sí ọ́fíìsì.

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù lọ ni ọ̀rọ̀ ilé. “Wọ́n jẹ́ bàbá rere, wọ́n fẹ́ràn ẹbí” wà nínú gbogbo ìwé ìsìnkú, kò sì júwe ẹnì kankan. Ẹ bi ìyá yín: ta ló ń gba owó oṣù bàbá nígbà tí wọ́n wà lójú ogun? Ta ló ń ka lẹ́tà wọn fún ilé? Àbúrò wo ni wọ́n rán níwèé? Bó bá jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ilé ìwé yín, tí wọ́n á bu omi wọ́n ọn, tí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí ìlà ṣòkòtò á fi mú bí abẹ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan yẹn gbé sọ́jà àti bàbá papọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa bá àwọn ọmọ ìyá yín sọ̀rọ̀, torí bí ẹ̀gbọ́n àgbà bá ti sọ tirẹ̀ lójú gbogbo yín, orí ni àwọn yòókù á máa mì.

Orúkọ àwọn ọmọ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà sí, láìfi ti ìyàwó kan ṣáájú ti èkejì, kí ẹ má sì yọ àwọn tó ti kú. Kí olórí ẹbí yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Oríkì, ẹnu obìnrin ilé tó dàgbà jù ni kí ẹ ti gbà á, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀; ti íńtánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti agbo ilé mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ogun kò nílò ju ìpínrọ̀ kan lọ: ibi tí wọ́n dé, ọdún, ọgbẹ́ bó bá wà. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá níbẹ̀. Àna yín tó jẹ́ Igbo lè jókòó síwájú, kí òun náà ti sin bàbá tirẹ̀ nínú ogun kan náà. Bí wọ́n bá máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, 600 ọ̀rọ̀ tó: bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Bàbá bàbá wa lọ sí Burma. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ní orúkọ wọn lára. Ṣé ayédèrú ni? Ṣé a lè fi Brasso fọ̀ ọ́? (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àìsí orúkọ lára rẹ̀ kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára àwọn àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn ogun 1939 sí 1945. Burma Star, àmì ẹ̀yẹ àwọn tó jagun ní Burma, ní ẹnu mẹ́fà, a sì kọ orúkọ rẹ̀ yí àárín ká. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, ó dúdú bí aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà ọlọ́sàn tín-ínrín sì la aró náà já. Bí aṣọ ogun wọn bá ṣì wà, ẹ wo èjìká rẹ̀: aláǹtakùn ni àmì 81st West African Division, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká sì ni ti 82nd.

Ẹ má fi Brasso kàn án. Ó ń jẹ lẹ́tà ara irin nù, ìyẹ̀fun funfun rẹ̀ á sì há sínú ìlà. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Ẹ má fọ rìbọ́ọ̀nù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ tọ́jú ti àtijọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nínú férémù, kí ẹ sì gbé férémù náà kọ́ síbi tí oòrùn kò dé.